Orí Karùn-ún: Ìṣirò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Sípánà

Nọ́ńbà méjì ló wà ní ìpìlẹ̀ ẹ́ńjìnnì Camry tí gbogbo ayé ń pè ní Orobo: 87 àti 91. Èkíní ni fífẹ̀ ojú sìlíńdà láti etí kan dé etí kejì, ní mìlímítà. Èkejì ni ìrìn tí písítìn ń rìn láti òkè pátápátá dé ìsàlẹ̀ pátápátá. 5S-FE ni Toyota sọ ẹ́ńjìnnì náà. Ó wà nínú Camry tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1992 títí di 2001, òun ló sì gbé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó gba Àpápá àti Kútọnu wọlé. Mo fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí nítorí pé irin rẹ̀ lágbára, pátì rẹ̀ pọ̀ ní Ládípọ̀, àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ẹni tó bá lè ṣírò tirẹ̀ lè ṣírò ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù èyíkéyìí. Ìṣirò náà kò ju èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ lọ, àmọ́ owó tó ń gbà sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i ni kì í fi ohun tó tó nǹkan kún un. Ẹni tó bá ti ṣírò ṣáájú á ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, á sì gbé owó rẹ̀ lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti nílò rẹ̀ gan-an.

Ààyè tí písítìn ń rìn

Nígbà tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ní "tú pọ́íńtì tú" ni ẹ́ńjìnnì yìí, ààyè tí písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rìn kọjá ló ń sọ, tí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n. Ojú sìlíńdà rí roboto, nítorí náà ojú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wá. Ẹ pín fífẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ẹ fi èsì náà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi 3.1416 lọ́po ohun tí ẹ rí. Ẹ fi ìrìn písítìn lọ́po ìyẹn, sìlíńdà kan ti jáde. Iye sìlíńdà ló kù tí ẹ ó fi lọ́po rẹ̀.

Ààyè ẹ́ńjìnnì = 3.1416 × (fífẹ̀ ÷ 2)² × ìrìn písítìn × iye sìlíńdà

Kí èsì lè jáde ní cc, sẹ̀ǹtímítà la ó lò: 87 á di 8.7, 91 á di 9.1. Ìdajì 8.7 ni 4.35. 4.35 lọ́nà 4.35 jẹ́ 18.92. Ẹ fi 3.1416 lọ́po rẹ̀, ó di 59.45, ìyẹn ojú sìlíńdà. Ẹ fi 9.1 lọ́po rẹ̀, ó di 541 cc. Sìlíńdà mẹ́rin jẹ́ 2,164 cc, òun ni wọ́n fi ń pè é ní 2.2.

Ẹ wo bí fífẹ̀ ṣe ń lọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò yìí, tí ìrìn písítìn sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì eré ìje fi máa ń kọ́kọ́ wá bí wọ́n ṣe máa fẹ ojú sìlíńdà. Ẹ jẹ́ ká wá dán an wò lórí Orobo tó ti ń rú èéfín. Wọ́n gbé bulọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbẹ́ sìlíńdà rẹ̀, wọ́n sì ra písítìn tó fi 0.50 mm tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fífẹ̀ ti di 87.5. Bí ẹ bá tún ìṣirò yẹn ṣe, 2,189 cc ni ẹ ó rí. Ohun tó fi kún un kò ju 25 cc lọ, ìdá kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n gbẹ́ sìlíńdà kí ọkọ̀ lè sáré ti ná owó rẹ̀ sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nítorí pé sìlíńdà ti jẹ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, kí ríìngì lè rí ojú tó dán, tó sì rí roboto, fara mọ́. Mo máa padà sórí èyí. Kì í sì í ṣe gbogbo bulọ́ọ̀kù ló ṣeé gbẹ́. Irin ni bulọ́ọ̀kù 5S-FE, ó nípọn. Àmọ́ ti 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla 2003 jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ nínú sìlíńdà, Toyota kò sì ṣe é pé kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ.

Ìfúnpọ̀, àti iṣẹ́ fésíìnì

Tí písítìn bá dé òkè pátápátá, àyè kékeré kan ṣì kù lórí rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti epo ti ń fún pọ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó tanná sí wọn. Bí ààyè ńlá yẹn ṣe di kékeré tó ni à ń pè ní ìfúnpọ̀:

Ìfúnpọ̀ = (ààyè sìlíńdà kan + àyè tó kù lókè) ÷ àyè tó kù lókè

Ìfúnpọ̀ 5S-FE jẹ́ 9.5. Láti mọ àyè tó kù lókè, ẹ yọ 1 kúrò nínú 9.5, kí ẹ fi 8.5 tó kù pín 541. Ó jẹ́ 63.6 cc. Kòtò inú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, nínípọn gásíkẹ́ẹ̀tì àti kòtò tó bá wà lórí písítìn ló para pọ̀ di iye yẹn.

Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ dá a wọ̀n lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Á dojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà dé, kí kòtò kọjú sókè, pẹ̀lú fáàfù rẹ̀ ní pípadé àti púlọ́ọ̀gì lójú ihò rẹ̀. Á pa gíríìsì díẹ̀ sí etí kòtò, á fi gíláàsì pẹlẹbẹ tó ní ihò kékeré bò ó. Lẹ́yìn náà, á fi abẹ́rẹ́ oníke tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fa ọ́ìlì tín-ínrín, á máa fún un gba ojú ihò náà títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan lábẹ́ gíláàsì. Iye ọ́ìlì tó wọlé ni ààyè kòtò náà. Bí kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá gba iye kan náà, ó ti rí ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná rékọjá máa ń mú kí ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á sì jó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i ni fésíìnì: wọ́n á fi ẹ̀rọ bó ojú rẹ̀ títí á fi tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan máa ń sọ fún onímọ́tò pé bí wọ́n bá bó o díẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á "gbóná lára" sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní wọ́n bó 0.5 mm kúrò, ìyẹn 0.05 cm. Ẹ fi lọ́po 59.45, ó jẹ́ nǹkan bíi 3 cc, tí kòtò bá tiẹ̀ fẹ̀ tó ojú sìlíńdà tán. Àyè òkè á di 60.6 cc, ìfúnpọ̀ á di 9.9.

Kí wá ni 9.9 fi ju 9.5 lọ? Látìgbà tí Nikolaus Otto ti ṣe ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin ní Jámánì ní 1876 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ìfúnpọ̀ ṣírò ìdá iná epo tó lè di iṣẹ́:

Ìdá tó lè di iṣẹ́ = 1 − (1 ÷ ìfúnpọ̀^0.4)

Àmì ^ yẹn túmọ̀ sí pé ẹ ó tẹ ìfúnpọ̀, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì xʸ lórí kalikulétọ̀, kí ẹ tó tẹ 0.4. Fún 9.5, èsì jẹ́ 0.594. Fún 9.9, ó jẹ́ 0.600. Ẹ́ńjìnnì gidi kò lè dé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún láéláé, nítorí pé rédíétọ̀, sàléńsà àti ìfarakínra irin ń gba tiwọn. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì méjèèjì ṣeé gbé lé: kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tìtorí ìdá kan yìí ni wọ́n ṣe ń fi tọ́ọ̀pù sìlíńdà wewu. Bí ìfúnpọ̀ bá ṣe ń ga ni epo ń sún mọ́ kó dá gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ ó máa gbọ́ ta-ta-ta látinú ẹ́ńjìnnì. Ohùn yẹn ń jẹ orí písítìn. Nínú oòrùn wa, nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ wa, pẹ̀lú epo tí a kì í mọ ibi tó ti ń bọ̀, mi ò rí ìdí tó fi yẹ ká bó ju ohun tó máa mú ojú irin náà tẹ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọn títẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n bó fún yín.

Ìṣirò kan tún wà tó jẹ mọ́ èyí, kò sì ná yín ju gééjì ìfúnpọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń fi sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì lọ. Ẹ kọ èsì sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ fi èyí tó ga jù pín èyí tó kéré jù. Ká sọ pé 170, 165, 168 àti 120 psi lẹ rí. 120 ÷ 170 jẹ́ 0.71. Òfin tí àwọn mẹkáníìkì àgbà ń lò ni pé kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 0.75 lọ. Sìlíńdà kẹrin nìyẹn tó ń jò. Ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì ló ń jò. Tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Agbára ẹṣin

Ní àwọn ọdún 1780, James Watt, ará Scotland tó ń ta ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, fẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè rọ́pò. Ó gbé e ka 33,000: ẹṣin kan lè gbé ẹrù 33,000 páùn ní fúùtù kan sókè láàárín ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà yẹn ni a ṣì ń lò. Kíránkì ẹ́ńjìnnì ń yí po ni, nítorí náà a ó fi 6.2832, ìyẹn 3.1416 lẹ́ẹ̀mejì, pín 33,000, 5,252 á sì jáde.

Agbára ẹṣin = tọ́ọ̀kì × ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ÷ 5,252

Tọ́ọ̀kì ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ kíránkì, ní páùn-fúùtù. Fún 5S-FE ti 1997, Toyota kọ tọ́ọ̀kì 147 ní ìyípo 4,400, àti agbára ẹṣin 133 ní ìyípo 5,200. Ẹ ṣírò ti 4,400: 147 × 4,400 ÷ 5,252 jẹ́ 123. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà fún 5,200: 133 × 5,252 ÷ 5,200 jẹ́ 134 páùn-fúùtù. Tọ́ọ̀kì ti wálẹ̀ láti 147 sí 134, agbára ẹṣin sì ti gòkè láti 123 sí 133. Ohun méjèèjì kì í dé góńgó pọ̀. Tọ́ọ̀kì ló ń gbé yín gun òkè Ìbàdàn pẹ̀lú èrò márùn-ún láì já jíà. Agbára ẹṣin ló ń sọ bí eré yín ṣe máa pọ̀ tó tí ọ̀nà bá là.

Fọ́múlà yìí dára gan-an fún títú irọ́ fó. Ká ní ẹnì kan sọ pé òun ti fi kọ̀ǹpútà tún ẹ́ńjìnnì 2.2 yìí ṣe, ó ti di agbára ẹṣin 200 láìní tọ́bò. Ní ìyípo 5,200, ó gbọ́dọ̀ ní tọ́ọ̀kì 202. Ẹ pín in fún 2.164 lítà: 93 páùn-fúùtù fún lítà kan. Toyota fúnra rẹ̀ rí 68 fún lítà kan nínú ẹ́ńjìnnì yìí ní ìgbà tó dára jù. Ẹ́ńjìnnì ìgboro tí kò ní tọ́bò kì í sábà kọjá 75. Ẹni tó ń sọ 93 gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣe hàn yín.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí agbára wà, ẹ tẹ̀ lé afẹ́fẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin, kíránkì gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì kí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan tó mí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà:

Afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan = ààyè ẹ́ńjìnnì ÷ 2 × ìyípo × ìdá tó ń kún

Ìdá tó ń kún wọlé nítorí pé sìlíńdà kì í rí àyè kún tán kí fáàfù tó padé, 0.85 bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgboro mu. 2.164 ÷ 2 × 5,200 × 0.85 jẹ́ 4,782 lítà. Tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ yẹn á fa afẹ́fẹ́ tó kún dírọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́tàlélógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ lítà afẹ́fẹ́ kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Èyí tó tutù ki ju èyí tó gbóná lọ, èyí tó sún mọ́ òkun sì ki ju ti orí òkè lọ:

Kíki afẹ́fẹ́ = ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ÷ (287 × (ìgbóná + 273))

Ní Èkó, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 101,300 páskà. Ní ọ̀sán tí ìgbóná jẹ́ 32 dígírì, kíki rẹ̀ jẹ́ kílò 1.16 nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tó jẹ́ 22 dígírì, ó jẹ́ 1.20. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú agbára ẹṣin 133, ó lé ní mẹ́rin. Àwọn awakọ̀ tó ń sọ pé ọkọ̀ àwọn máa ń fẹ́rẹ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́ kò purọ́, ìṣirò gbè wọ́n. Ní Jos, tó ga tó 1,200 mítà, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ń lọ sí nǹkan bíi 88,000. Pẹ̀lú gbogbo òtútù ibẹ̀, ọkọ̀ Èkó tó bá gun òkè débẹ̀ á pàdánù bí ìdá mẹ́wàá nínú agbára rẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Ibi tí fọ́múlà yìí ti wúlò jù lọ ni ọ̀rọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ ṣóńṣó tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi rọ́pò àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ wá. Ó dùn ún wò, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún dáadáa. Àmọ́ àpótí tí wọ́n yọ sọnù ní ọ̀nà ọ̀fun tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, níwájú. Fílítà ṣóńṣó náà wà ní gbangba lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fa afẹ́fẹ́ tó ti ara ẹ́ńjìnnì gbóná. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá dé 55 dígírì, kíki rẹ̀ á di 1.08. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, agbára ẹṣin mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n ti fowó rà á. Kò sí gbígbẹ́ sìlíńdà tàbí fésíìnì tí a ti ṣírò bọ̀ tó lè dá ìdajì ìyẹn padà. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti ná, ẹ ra fílítà tuntun sínú àpótí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì dí ibi tí ọ̀fun rẹ̀ ti ya.

Epo ń tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ ni. 4,782 lítà afẹ́fẹ́ ọ̀sán Èkó wúwo tó kílò 5.5. Tí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ kílò 13 ló ń bá epo kílò kan rìn. Epo á jẹ́ kílò 0.43 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó sún mọ́ 580 cc. Nọ́súlù mẹ́rin tó ń fọ́n epo náà á pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fọ́n nǹkan bíi 145 cc. A kì í jẹ́ kí nọ́súlù ṣí ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò lọ, nítorí náà 145 ÷ 0.8, ìyẹn 181 cc, ni ohun tó gbọ́dọ̀ lè fọ́n. Ẹni tó bá lọ ra nọ́súlù onílọ́po méjì ìyẹn fún ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò yí padà kò ra agbára. Epo lásán ló máa fi fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà.

Eré písítìn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi 2 lọ́po ìrìn rẹ̀ ní mítà, ẹ fi ìyípo lọ́po rẹ̀, kí ẹ fi 60 pín in. Fún 5S-FE ní 5,200, ó jẹ́ mítà 15.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńjìnnì Formula 1 ti 2009, tí ìyípo rẹ̀ ń dé 18,000, wà ní nǹkan bíi mítà 24, nítorí pé ìrìn písítìn rẹ̀ kò tó 40 mm, irin tí wọ́n sì fi ṣe é kì í ṣe irin tiwa. Ìdí nìyí tí rírééṣì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, tí ríìngì rẹ̀ kò tíì jókòó, fi jẹ́ ìwà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni lórí ọkọ̀ yín.

Ẹnu ríìngì

Ríìngì písítìn kì í ṣe òrùka tó pa ẹnu dé. Wọ́n gé e níbì kan, ẹnu gígé yẹn sì ni ìdí tí ẹ́ńjìnnì kan fi ń pẹ́ láyé tí òmíràn fi ń kú lóṣù kẹta. Òfin rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì ìgboro rọrùn:

Ẹnu ríìngì òkè = fífẹ̀ sìlíńdà × 0.004

87 × 0.004 jẹ́ 0.35 mm. Inú iná ni ríìngì ń gbé, irin tó bá sì gbóná á gùn. Tí a bá na ríìngì yìí gbọọrọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ 3.1416 × 87, ìyẹn 273 mm. Irin rẹ̀ ń fi ìdá mọ́kànlá nínú mílíọ̀nù kan gùn sí i fún dígírì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.000011. Bí ríìngì bá fi 100 dígírì gbóná ju ara sìlíńdà lọ, 273 × 0.000011 × 100 jẹ́ 0.30 mm. Nínú 0.35 tí a fi sílẹ̀, 0.05 péré ló kù lójú iná. Òfin àwọn àgbà mẹkáníìkì kò wá látinú afẹ́fẹ́.

Ẹ wá wo ẹni tó ra ríìngì, tó kàn jù ú sínú sìlíńdà láìwọ̀n, tí ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 0.15. Nígbà tí iná bá dé, ẹnu méjèèjì á kọlu ara wọn, kò sí ibi tí ríìngì á gbà ju pé kó máa ti ara sìlíńdà. Á ha ara rẹ̀, á fa ọ́ìlì gbẹ, á sì fọ́ etí písítìn. Onímọ́tò á ní ríìngì feeki ni wọ́n tà fún òun, nígbà tó jẹ́ pé fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹnu ríìngì, ni wọn kò lò.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ fi ríìngì nìkan sínú sìlíńdà, ẹ dojú písítìn dé, kí ẹ fi orí rẹ̀ ti ríìngì náà wọlé, kó lè tẹ́ dọ́gba yíká. Ẹ tì í lọ sísàlẹ̀, síbi tí ríìngì kì í dé tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹ ki fílà gééjì bọ ẹnu rẹ̀. Tó bá kéré, ẹ fi fáìlì kékeré rẹ́ etí kan, láti ìta wọ inú, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ pa etí rẹ̀ dán, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Gbogbo sìlíńdà ló ní ríìngì tirẹ̀. Ẹ má ṣe wọn ọ̀kan kí ẹ ní mẹ́ta tó kù ti dára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún fa ríìngì kan náà wá sókè, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sísàlẹ̀ etí bulọ́ọ̀kù, síbi tí iná ti ń jẹ sìlíńdà jù, kí ẹ wọn ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ fi 3.1416 pín in. Èsì rẹ̀ ni iye tí sìlíńdà fi jẹ, láìsí pé ẹ ra gééjì olówó gọbọi. Ká ní ìsàlẹ̀ jẹ́ 0.35, òkè sì jẹ́ 0.82: ìyàtọ̀ jẹ́ 0.47, sìlíńdà ti fi 0.15 mm jẹ. Ká ní òkè jẹ́ 0.98: ìyàtọ̀ jẹ́ 0.63, ó ti jẹ 0.20 mm. Ní irú ibẹ̀, ríìngì tuntun kò lè dá èéfín dúró, bó ti wù kó wọ́n tó, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti ń là tó ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe yẹ nígbà tó bá gòkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n to ẹ́ńjìnnì náà padà. Ẹ gbé bulọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sìlíńdà, kí ẹ sì ra písítìn 87.5 àti ríìngì tó bá a mu ṣáájú, kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ lè fi máíkúrómítà wọn písítìn kọ̀ọ̀kan kó tó fi irin kan irin.